Ẹ̀gbọ́n Nínú Ilé, Àbúrò Nínú Bọ́ọ̀sì

Navunidilo,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Laisani ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òjò Suva olú-ìlú tí kì í dá yẹn ń jẹ́ kí aṣọ rẹ gbẹ? Ọlọ́run tó mú ọ sọdá òkun lọ́jọ́ tí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ń bì tí ìwọ kò bì, kò ní jẹ́ kí ayé rẹ dà ọ́ nínú rú. Ọ̀nà rẹ kò ní dí. Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gíga ìjọba kò ní rí ọ gbé ṣubú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gba àga rẹ, àga tirẹ̀ náà kò ní lẹ́sẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín kejì sí i, mo sì ti fi í sí i.

Àwa náà wà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀, kò sì tíì ṣì í sọ rí, èyí tí a kò lè sọ nípa rédíò. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa bí mẹ́sàn-án, ó sùn lé méjì lórí, ó ku méje. Wọ́n ti kan páànù tuntun sí ìhà ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn án kàn án bí ẹni tó ń bínú sí Ọlọ́run, ó ń jò. Kókò ta dáadáa lọ́dún yìí. Ẹ̀gẹ́ kò ṣe dáadáa, eku ló jẹ ẹ́.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló mú mi jókòó ti ìwé yìí. Ohun tó mú mi jókòó ni pé bàbá rẹ kékeré, Peceli, ti di ẹ̀gbọ́n mi.

Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé o ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ni Peceli wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Savusavu, àbúrò mi ló jẹ́ nígbà tó ń lọ. Nígbà tó máa fi dé lálẹ́, ó mú páálí kékeré kan dání tí kò tóbi ju bísíkíìtì lọ, àwòrán ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó la ojú sílẹ̀ bí ẹni tí akàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́sẹ̀. Ó ní káàdì àgbàlagbà ni. Ó ní wọ́n wo ìwé ọjọ́ ìbí òun, wọ́n rí i pé òun ti pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n wá ní láti òní lọ òun ti di àgbà, ìdajì owó ọkọ̀ ni kí òun máa san. Mo bi í pé ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé orí rẹ̀ ti pá ni. Ó ní orí pípá kọ́ ni wọ́n ń wò, ìwé ni wọ́n ń wò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì jọ wọ bọ́ọ̀sì. O mọ bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ nílé wa, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí òun ti kọ́ ìrìn. Lọ́jọ́ náà ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó fi páálí rẹ̀ kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sharan awakọ̀, ẹ̀rọ náà dún lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ìdajì. Èmi fi káàdì ọkọ̀ tèmi kàn án, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó gba owó odidi. Mo dúró kí ó dún ẹ̀ẹ̀kejì. Kò dún. Mo tún fi kàn án láti rán an létí, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún gba dọ́là mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Sharan pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ ènìyàn. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú sí ẹ̀rọ, kì í wojú, ká ní ó ń wojú ni, ì bá ti máa gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́ láti bí ọdún mẹ́wàá. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ kékeré ti fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní àbúrò mi, wá jókòó jàre, má jẹ́ kí àwọn àgbà máa dúró dè ọ́.

Àbúrò mi! Èmi tí mo gbé e pọ̀n sọdá odò! Ìdúró ni mo dúró dé Savusavu, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú, lórí orúnkún méjì tí wọ́n dàgbà ju gbogbo ìwé wọn lọ.

O gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí mi rí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an kí o lè kà á fún wọn lọ́fíìsì ìjọba. Ọdún 1962 ni wọ́n bí mi, ní ọ̀sẹ̀ tí ìjì gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó sì lọ gbé e kalẹ̀ sínú oko kókò. Abúlé ìyá mi ni wọ́n bí mi sí, nọ́ọ̀sì kankan kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìwé. Ọdún 1964 ni wọ́n bí Peceli, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fún un níwèé kí wọ́n tó fún un lọ́mú. Nígbà tó tó ilé ẹ̀kọ́ ó lọ, èmi wà lóko pẹ̀lú bàbá wa, mò ń pa àgbọn. Ìgbà tí bàbá wa máa fi rántí pé ó yẹ kí èmi náà mọ ìwé, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Tíṣà ní àwọn kì í gba arúgbó sí kíláàsì kìíní, ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ń gbà. Bàbá wa ní kò burú. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, ó ní ọmọ òun kan wà nílé tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ara ló kàn tóbi. Akọ̀wé kọ 1966. Bí mo ṣe di àbúrò àbúrò mi nìyẹn. Síbẹ̀ Peceli ló ń gbé àpò mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni nípa ìwé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ọ, ìwé náà kò pa mí lára nígbà náà. Òun ló jẹ́ kí n gbá rọ́gíbì fún ẹgbẹ́ àwọn tí kò tíì kọjá ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo pé ogún ọdún. Mo ti ń fá irùngbọ̀n láràárọ̀. Ọmọkùnrin kan láti Labasa bẹ̀ mí láàárín pápá, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbé mi ṣánlẹ̀. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta ni mo gbà lọ́dún yẹn, wọ́n ṣì wà lára ògiri. Apá ibí yìí, má kà á fún wọn lọ́fíìsì.

Mo wá ní kí n fúnra mi ṣe ìwádìí, kí n mọ ìgbà tí ènìyàn ń di àgbà gan-an ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo lo odindi ọjọ́ kan fún un ní Savusavu. Ilé oúnjẹ àwọn àlejò tó wà létí omi kọ ọ́ sí ara pátákó pé ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta yóò rí ẹ̀dínwó lórí oúnjẹ ọ̀sán. Mo wọlé. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wo ìwé mi, ó rí méjìdínlọ́gọ́ta, ó tẹrí ba, ó pè mí ní Bàbá. Ẹ̀dínwó ni mo fi jẹ ẹja díndín. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan wà ní tábìlì kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré káàkiri etíkun, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ewúrẹ́ orí òkè. Òun náà fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín, àgbà lòun náà. Ó gba ẹ̀dínwó, ó sì tún sáré jáde. Mo ní háà, àgbà dé.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ilé ìtajà oògùn. Wọ́n ní ọgọ́ta ọdún ni tiwọn, ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá di Ọjọ́rú, gbogbo àgbà ibẹ̀ a padà di ọ̀dọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè nípa owó tí ìjọba ń fún àwọn arúgbó, wọ́n ní ìyẹn di ọdún márùndínláàádọ́rin, pé lójú tìyẹn Peceli fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé. Ìyẹn nìkan ló dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sán gangan mo jẹ́ àgbà nílé oúnjẹ. Mo rin nǹkan bí igba ìṣísẹ̀ dé ibùdókọ̀, ẹ̀rọ Sharan dún lẹ́ẹ̀kan, mo ti tún di ọ̀dọ́. Ẹja náà kò tíì dà nínú mi.

Irú àgbà wo wá ni èyí? Àgbà tí ilẹ̀kùn kan fún ọ tí ilẹ̀kùn kejì sì gbà padà! Nílé wa, bí ènìyàn bá ti ń dàgbà ni ìnáwó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ta ló rí àgbà tí nǹkan ń dín kù fún? Ọmọdé ni a máa ń sọ fún pé kó mú ìdajì wá.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ nìkan ló ní ọ̀wọ̀. Mo ṣí fọ́ọ̀mù káàdì náà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, ó bi mí ọdún tí wọ́n bí mi, ó wá gbé àgbá kékeré kan jáde tí gbogbo ọdún tò sí lára, tí a ń fi ìka yí. Mo yí i jù, ó sáré lọ dé 1900, mo rí i pé ẹni iyì ni fóònù, ó fẹ́ fún mi ju ohun tí mo béèrè lọ. Èmi kì í ṣe olójúkòkòrò, mo rọra yí i padà sí 1962, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Kò jiyàn, kò béèrè ẹlẹ́rìí, ó fi àmì pé ó tọ́ síbẹ̀. Mo pa á dé bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ fún Sharan láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní wò ó, ìjọba ti gbà. Sharan wò ó, ó ní Bàbá, ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún àgbá yẹn ló máa gbà, ọmọ òun ọkùnrin fi í di ẹni ogóje ọdún lánàá. Mo ní kí Ọlọ́run dá ọmọ rẹ̀ sí. Mo sì san owó mi pé.

Ǹ bá ti fi gbogbo èyí rẹ́rìn-ín, Laisani, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n wa Kitione tó kú. Ní Sátidé, ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án, ni a ó ṣe ọgọ́rùn-ún ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni a ó bọ́ aṣọ dúdú, lọ́jọ́ náà sì ni ẹnì kan yóò jókòó sí ibi tí Kitione ń jókòó sí, lókè ẹní, tí yóò sì di olórí agbo ilé wa títí yóò fi kú. Àwa méjì péré ló kù. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ipò kàn kì í jà sí i, yóò kàn dìde jókòó síbẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni a pàdé láti múra ọjọ́ náà sílẹ̀. Mo wọlé, mo bá Peceli tó ti jókòó sókè. Ó ti fẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní. Ó gbé káàdì rẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n tí a po omi gbòǹgbò yangona sí, bí ẹni gbé eyín àbùùbùtán àyẹ́sí kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bu yangona, ó na ọwọ́ gba igbá àgbọn àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti àgbà. Nígbà tí oúnjẹ dé, ẹja ńlá kan ni, wọ́n gbé e ká, o sì mọ ẹni tó ń jẹ orí ẹja nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí Kitione ti lọ. Ọwọ́ mi ti wà lọ́nà. Peceli fa àwo náà sọ́dọ̀, ó ní rọra o, kí egungun máà há ọmọdé lọ́fun. Ó ge ìrù fún mi.

Ìrù ni, Laisani. Mo wò ó, òun náà wò mí.

Mo yíjú sí Setareki, olórí abúlé. Ìwọ mọ Setareki, ọkùnrin tí kò lè gbàgbọ́ pé òjò ń rọ̀ àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé. Ó ní òun kò fẹ́ ìjà. Ó ní òun ní ìwé àkọsílẹ̀ tuntun, òun fẹ́ kọ orúkọ àgbà agbo ilé kọ̀ọ̀kan sí i ní títò, ohun tí ìwé ìjọba bá sì sọ ni òun yóò kọ, nítorí òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ẹnì kankan. Ó kọ Peceli sí ipò kìíní, ó kọ èmi sí ipò kejì. Ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Vasiti, àbúrò bàbá wa, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, sọ̀rọ̀ láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní lọ́sẹ̀ ìjì, inú apẹ̀rẹ̀ àgbọn ni òun gbé èmi Eminoni sí tí òun fi gun òkè, pé Peceli kò tíì sí láyé, kò tíì sí nínú ìyá rẹ̀ pàápàá. Setareki bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwé tirẹ̀ hàn kí òun lè kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀. Ìyá Vasiti kò ní ìwé kankan, kò ní rí. Setareki ní, ẹ má bínú, Ìyá, lórí ìwé wọn kò tíì bí yín. Ìyá Vasiti ní áà, ó mà dára o, ta ló wá wẹ bàbá rẹ nígbà tó ń yàgbẹ́ sára, Setareki? Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Gbogbo ilé hó yèè. Ṣùgbọ́n Setareki kò pa orúkọ kankan rẹ́, nítorí ó ní gègé lòun fi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ yẹn Peceli kò pè mí ní “ẹ̀yin” mọ́. “Ìwọ” ló ń pè mí. Ó ní kí àwọn ọmọ òun má pè mí ní Bàbá Àgbà mọ́, Bàbá Kékeré ni kí wọ́n máa pè mí. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà odò, ó sì sá kí n tó mọ ẹni tó ń kí.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Ọ́fíìsì ẹja lo wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ìjọba kan náà ni gbogbo yín ń gbé, àwọn tó ń kọ ẹja àti àwọn tó ń kọ ọmọ kò lè ṣàì máa jọ jẹun ọ̀sán. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kún mi. Mi ò tọrọ, tèmi ni mò ń béèrè. Kí ó jáde kí ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ tó pé.

Ìṣòro kékeré kan wà níbẹ̀. Mo lọ sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé mo fẹ́ dàgbà. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ní Eminoni, òfin ìgbìmọ̀ wa ni pé ẹni tó bá pé ọgọ́ta kò gbọdọ̀ gun òrùlé ilé ẹ̀kọ́ mọ́, bí ìwé rẹ bá di méjìlélọ́gọ́ta, màá sunkún fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà màá wá ẹlòmíì tí yóò máa tún òrùlé ṣe, tí yóò sì máa gé koríko. Iṣẹ́ yìí ni à ń jẹ, o mọ̀. Mo wá ronú sí i, mo sì ti rí ọ̀nà. Bí ilé ìtajà oògùn bá lè máa ka ènìyàn sí àgbà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, kí wọ́n kọ mí ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ní Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n sì fi mí sílẹ̀ ní méjìdínlọ́gọ́ta láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé o máa ní ènìyàn kan kò lè ní ọjọ́ orí méjì. Ọmọ mi, mo ti ní méjì láti ọdún 1972. Títò ni mo kàn ní kí wọ́n bá mi tò ó.

Gègé yìí ti ń gbẹ. Màá parí rẹ̀ bí mo bá rí òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Mo ti rí gègé, ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti rí i. Má tíì lọ sí ọ́fíìsì náà. Ka èyí ná.

Lánàá ni Setareki tún pè wá jọ, ó ní ìmúrasílẹ̀ kù. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó wọ gíláàsì, ó wá ń kà á bí ẹni ń ka Bíbélì. Ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà, fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ Kitione, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ipò kìíní ni yóò mú akọ màlúù wá. Òun náà ni yóò mú eyín àbùùbùtán tí a ó gbé fún àwọn ẹbí ìyá wa, òun ni yóò sì dìde sọ̀rọ̀ níwájú wọn láìwo ìwé. Ẹni ipò kejì yóò mú ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Àwọn ìyókù, kókò àti ẹní. Ó pa ìwé dé.

Mo wo Peceli. Ó ń wo káàdì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan mìíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ṣé wọn kì í ṣe é ní ìdajì ni. Setareki ní ìdajì kí ni? Ó ní ìdajì màlúù. Ẹ̀rín gba ilé. Ìyá Vasiti ní iwájú ni kó mú wá, kó jẹ́ kí ẹ̀yìn máa jẹ koríko lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, Peceli ti wá sílé wa. Kò gba ẹnu ọ̀nà òkè wọlé gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti oṣù Keje. Ó tẹrí ba, ó gba ìsàlẹ̀, ó jókòó ti ilẹ̀kùn níbi tí àwọn àbúrò ń jókòó sí, ó gbé gbòǹgbò yangona kan kalẹ̀ níwájú mi. Ìyá rẹ wo gbòǹgbò náà, ó wò mí, ó bọ́ sílé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Peceli ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó ní ṣé ara yín le? Mo ní ta ni “yín”? Ó ní ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ọ̀rọ̀ káàdì yìí, ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì lásán ni, ẹ̀yin náà mọ̀, òun kàn ń ṣeré ni. Mo ní ìrù ẹja náà ńkọ́, ṣé eré ni? Ó ní orí ẹja ọ̀hún pàápàá kò dùn, egungun ló pọ̀ níbẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ díẹ̀, mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí mo bá dúró gẹ́gẹ́ bí àbúrò, ẹlẹ́dẹ̀ méjì péré ni tèmi, méje sì wà nílẹ̀. Iṣẹ́ mi wà. Ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹbí ìyá wa máa ń làágùn, o mọ̀ wọ́n, wọn kì í dárí ọ̀rọ̀ kan jini. Ìwé ti ṣe mí lóore lẹ́ẹ̀mẹta láyé mi, nílé ẹ̀kọ́, ní pápá rọ́gíbì àti nídìí koríko, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà pé òun fẹ́ ṣe ẹ̀kẹrin. Ṣebí kí n kàn dákẹ́ ni.

Mo rántí Kitione. Mo rántí pé nígbà tí bàbá wa kú, akọ màlúù méjì ló fà wá, kò sì ní bàtà lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní ọdún tí wọ́n bí i.

Mo gbé gbòǹgbò yangona náà, mo gbà á. Mo ní Peceli, dìde, lọ fọ ọpọ́n, kí o sì po yangona, kì í ṣe iṣẹ́ àgbà. Ó dìde wéré. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Lẹ́yìn tí a mu ún tán, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé òun ṣì lè máa lo káàdì náà. Mo ní kó máa lò ó, pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdajì ló bá a mu.

Nítorí náà, má lọ bá àwọn tó ń kọ ọmọ. Jẹ́ kí 1966 wọn wà níbi tó wà, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ má bàa sunkún. Setareki ní òun kò lè pa ohun tí òun fi gègé kọ rẹ́, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi òkè ẹní kì í ṣe inú ìwé rẹ̀.

Ohun tó kù ni akọ màlúù. Ẹ̀gbọ́n Sharan tó ń dáko ìrèké ní ọ̀kan, ẹgbèje dọ́là ló ń pè é, kò sì fẹ́ gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹgbẹ̀ta nínú agolo. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta yóò mú igba wá. Ìyókù, ọmọ mi, ojú rẹ ni mò ń wò. Ohun tí o bá rí ni kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe nínú fóònù o, nítorí owó tí o fi sínú fóònù lọ́jọ́sí, mo tú u palẹ̀ mi ò rí i. Fi í rán ènìyàn. Kí ìwọ fúnra rẹ sì wá ní Sátidé náà, kí o wá rí ibi tí bàbá rẹ jókòó sí. Eyín àbùùbùtán wà, Kitione fi í sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó ti mọ ẹni tó máa gbé e.

Èmi àti Peceli ni yóò lọ mú màlúù náà wá. Bọ́ọ̀sì ni a ó wọ̀ lọ. Èmi ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rọ yóò dún lẹ́ẹ̀kan fún mi, yóò dún lẹ́ẹ̀mejì fún un. Nígbà tí a bá ń bọ̀, èmi yóò wọ bọ́ọ̀sì padà, òun yóò máa fa màlúù bọ̀ létí òkun.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní fi dọ́là dín. Kí o dàgbà dé ibi tí nǹkan ti ń wọ́n, kí o sì ní ohun tí o máa fi san án. Kí ìrù ẹja má kàn ọ́.

Mo bi Sharan láàárọ̀ yìí, kí n má bàa sọ pé mi ò béèrè, mo ní ṣé ẹ̀dínwó wà fún àgbà tó bá fẹ́ ra akọ màlúù. Ó ronú díẹ̀. Ó ní Bàbá, kò sí o.

Mo ní mo mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eminoni,
ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta nílé, méjìdínlọ́gọ́ta nílé ẹ̀kọ́.